Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ní «Exponential»? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan, Sógundógójì àti Gàrí Ìjẹ̀bú

Ní ìpàdé regbẹ́rẹgbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde, akápò dìde láti ka ìṣirò owó. Ó ní owó tí a dá ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 400,000 náírà, ti ọdún kejì jẹ́ 600,000, ti ọdún kẹta jẹ́ 800,000, ti ọdún kẹrin sì pé mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìdùnnú sọ pé owó ẹgbẹ́ ń dàgbà lọ́nà «exponential», gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ ni ẹ̀gbọ́n kan béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ẹnìkan ní «kíákíá» ni. Ẹlòmíràn ní «lọ́pọ̀lọpọ̀» ni. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Ṣágámù, mi orí, ó ní ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àpèjúwe lásán. Ìjíròrò náà kò parí títí tí a fi tú ká.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú. Àwọn oníròyìn ń lò ó fún iye ènìyàn, fún ọ̀wọ́n-gógó ọjà, fún gbèsè ìjọba àti fún àjàkálẹ̀ àrùn, wọn kì í sì í sábà dúró ṣàlàyé rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ń yá owó, ẹni tí ń fi owó pamọ́ àti ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè fi owó tàbí ẹ̀mí ṣòfò fún ẹni tí ó bá ṣì í gbọ́.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an?

Ohun kan ń dàgbà lọ́nà exponential nígbà tí ó bá jẹ́ pé iye tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń bí iye tí ó ń bọ̀, tí ó sì ń fi ìlọ́po kan náà pọ̀ sí i ní àsìkò kan náà. Bí ó bá di ìlọ́po méjì lónìí, yóò di ìlọ́po méjì lọ́la, àti ní ọ̀túnla. Ọmọ tí a bí ń bímọ, ọmọ ọmọ náà ń bímọ, kò sì sí èyí tí ó yàgàn nínú wọn.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì mẹ́nu kan ìyára. Ohun tí ń yára púpọ̀ lè má jẹ́ exponential rárá, ohun tí ń rìn bí ìgbín sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ohun náà ń gbà pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Báwo ni ìlọ́po ṣe yàtọ̀ sí àfikún?

Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú. Ihò méjìlá ni ó ní, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì ni à ń kó sínú ihò, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ kó gbogbo ọmọ ayò náà jáde, kí ẹ wá fi ẹyọ kan sí ihò àkọ́kọ́, méjì sí ìkejì, mẹ́ta sí ìkẹta, kí ẹ máa fi ẹyọ kan kún un bẹ́ẹ̀ títí dé ihò kejìlá. Ọmọ ayò 78 ni ẹ óò nílò. Àfikún nìyẹn: ohun kan náà ni à ń fi kún un nígbà gbogbo.

Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí ihò kọ̀ọ̀kan gba ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Ihò márùn-ún ti gba 31, ó ku 17 lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ 32 ni ihò kẹfà ń bèèrè. Gbogbo ọmọ ayò inú ilé yín kò kún ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí ibi yá ọmọ ayò, ihò kejìlá nìkan yóò gba 2,048, gbogbo ọpọ́n yóò sì gba 4,095.

Àwọn ará Ìlà-Oòrùn ayé ní ìtàn àtijọ́ kan tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì onílé 64 ni tiwọn, ọkà ni wọ́n sì fi ń kà á. Ọba kan ni kí ọlọ́gbọ́n kan bèèrè ohunkóhun tí ó bá wù ú, ọlọ́gbọ́n náà sì ní hóró ọkà kan fún ilé àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì, kí ó máa di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ títí dé òpin. Ọba rò pé ẹ̀bùn kékeré ni. Iye hóró tí yóò fi san gbèsè náà jẹ́ 18,446,744,073,709,551,615, kò sì sí àká tí ó lè gbà á.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Èdè Látìn ni orírun rẹ̀. «Ex» túmọ̀ sí síta, «ponere» túmọ̀ sí láti gbé kalẹ̀, tí wọ́n bá sì so méjèèjì pọ̀, «exponere» ni láti gbé nǹkan kalẹ̀ síta kí gbogbo ojú lè rí i. Àwa kò nílò láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà fún ìyẹn, nítorí pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ọjà láràárọ̀ ni: wọ́n ń pàtẹ. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí «expose», tí í ṣe láti tú nǹkan síta, àti «expound», tí í ṣe láti ṣàlàyé. «Deposit» tí à ń gbọ́ ní báńkì pàápàá jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn, nítorí pé owó tí a gbé kalẹ̀ ni.

Báwo wá ni «pàtẹ» ṣe di orúkọ ìdàgbàsókè? Michael Stifel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ó ti jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn rí, ni ó ṣe ìsopọ̀ náà nínú ìwé ìṣirò kan tí ó tẹ̀ jáde ní ìlú Nuremberg ní ọdún 1544. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ti fi ìṣirò sọ tẹ́lẹ̀ pé ayé yóò parẹ́ ní oṣù October 1533, ayé kò sì parẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn náà dúró títí dòní. Ó to nọ́ńbà sí ìlà méjì. Ní ìlà ìsàlẹ̀ ni 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64 wà. Ní ìlà òkè, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ni ó kọ 0, 1, 2, 3, 4, 5, 6 sí. Nọ́ńbà òkè ni ó ń fi hàn síta iye ìgbà tí a ti sọ ti ìsàlẹ̀ di ìlọ́po. Nítorí náà ni ó ṣe pè é ní «exponens», èyí tí ń pàtẹ nǹkan fún ojú láti rí.

Ẹni tí ó bá mọ ìkà Yorùbá dáadáa ti gun àtẹ̀gùn yìí rí láìmọ̀, nítorí pé orí ogún ni ìkà wa dúró lé. Ogún lọ́nà ogún ni irinwó. Irinwó lọ́nà ogún jẹ́ 8,000, tí í ṣe ẹgbàárin. Ẹgbàárin lọ́nà ogún jẹ́ 160,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Bí Stifel bá fẹ́ kọ nọ́ńbà sí orí ogún, irinwó, ẹgbàárin àti ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, 1, 2, 3 àti 4 ni yóò kọ. Ìlà òkè ń fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, ìlà ìsàlẹ̀ ń di ìlọ́po ogún. Inú ìyàtọ̀ láàárín ìlà méjèèjì yìí ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní ọdún 1637, René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo nọ́ńbà kékeré tí à ń kọ sí èjìká nọ́ńbà ńlá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ ọ́ títí di òní. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «exponential» sínú ìwé ìṣirò wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí ó tó jáde kúrò nínú ìwé ìṣirò bọ́ sí ẹnu gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ sí «kíákíá» lásán. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ti gba ìtumọ̀ kejì yìí wọlé, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà bí ó bá lò ó bẹ́ẹ̀ níbi àríyá. Ibi tí ọ̀rọ̀ owó àti àìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a dúró lórí ìtumọ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé sógundógójì jẹ́ exponential?

Ẹni tí ó ń sọ ogún di ogójì ni sógundógójì, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ti ṣe ìṣirò: ìlọ́po méjì ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, níbi tí òwò owó ti ti pẹ́, tí ẹni tí kò yá owó rí sì mọ ẹni tí ó ti yá a. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Bí mo bá yá ogún, tí mo sì san ogójì, tí ọ̀rọ̀ parí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìlọ́po ṣẹlẹ̀. Èlé náà wúwo, ó tilẹ̀ burú, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí à ń sọ. Bí n kò bá rí ogójì san, tí olówó sì sọ ogójì náà di owó tuntun tí mo yá, ogójì yóò di ọgọ́rin, ọgọ́rin yóò di ọgọ́jọ. Bí a bá ṣe èyí ní ìgbà mẹ́wàá, ogún àkọ́kọ́ yóò ti di 20,480. Èlé ti ń bí èlé. Ibẹ̀ ni gbèsè ti di exponential.

Ẹ fi èyí wé ìwọ̀fà ayé àtijọ́. Ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko sì ni èlé. Ìyà ń bẹ nínú ètò náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nípa ti ìṣirò, gbèsè náà dúró lójú kan. Ẹni tí ó yá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ọ̀kẹ́ kan náà ni yóò san kí ìwọ̀fà tó lè padà sílé, ìbáà ṣe lẹ́yìn ọdún méjì tàbí ogún ọdún. Iṣẹ́ ni ó ń kún iṣẹ́, owó kò bímọ.

Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yá owó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnìkan yá 50,000 náírà, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 30 nínú 100 lóṣù. Bí ó bá jẹ́ pé orí 50,000 náà nìkan ni wọ́n ń ka èlé sí, 15,000 ni yóò máa kún un lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ èlé lórí èlé, gbogbo ohun tí ó ti jẹ ní òpin oṣù ni wọn yóò ka èlé oṣù tí ó tẹ̀lé e sí. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀nà àkọ́kọ́ fún wa ní 80,000, ọ̀nà kejì fún wa ní 84,500, ẹni tí ó yá owó lè má rí ìyàtọ̀ náà bí nǹkan bàbàrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 140,000 ni ọ̀kan, ìkejì ti kọjá 241,000. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀kan jẹ́ 230,000, ìkejì ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 160,000 náírà. Owó kan náà ni wọ́n yá. Ìdá kan náà ni wọ́n ka èlé sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì lórí fóònù, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bèèrè lẹ́yìn iye èlé ni pé: orí kí ni wọn yóò máa ka èlé náà sí bí n kò bá san án lásìkò?

Ìṣirò yìí kan náà ni ó tú àwọn tí ń ṣe ìlérí èrè ńlá fó. Ìdá 30 nínú 100 lóṣù ni ètò owó kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí fún àwọn ọmọ Nàìjíríà kí ó tó ti owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní December 2016. Ẹni tí ó bá dá owó àti èrè padà sínú rẹ̀ lóṣooṣù ń retí kí owó rẹ̀ di ìlọ́po 23 láàárín ọdún kan. Kò sí oko, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan nídìí rẹ̀. Owó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún àwọn tí ó ti wà níbẹ̀, bí gbèsè náà bá sì ti ń di ìlọ́po, àwọn tí ń wọlé gbọ́dọ̀ máa di ìlọ́po pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ènìyàn tán ni owó tán.

Kí ló dé tí ojú kì í tètè rí i?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí gàrí. Ohun tí ó mú kí gàrí Ìjẹ̀bú kan lẹ́nu ju ti ibòmíràn lọ ni pé a kì í kánjú yan án. Bí a bá ti bó ẹ̀gẹ́, tí a sì ti rin ín, inú àpò ni à ń dì í sí, a ó gbé nǹkan wúwo lé e lórí kí omi rẹ̀ lè ro dànù, a ó sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣe iṣẹ́ kíkan náà. Ọ̀kan nínú wọn á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń di ìlọ́po méjì. Kòkòrò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní yóò ti di 4,096 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá tọ́ ẹ̀gẹ́ náà wò nígbà náà lè má mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, nítorí pé 4,096 kò já mọ́ nǹkan nínú odidi àpò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 16, òórùn kíkan sì ti gba àgbàlá. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe láti wákàtí àkọ́kọ́, wọn kò sáré ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Àwa ni a kò rí wọn nígbà tí wọ́n kéré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú omi. Àwọn apẹja ní Ìwópin àti Màkùn-Omi mọ ewéko tí ń léfòó, tí ewé rẹ̀ nípọn, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, èyí tí ó wọ inú ọ̀sà wa láti ìhà Bàdágìrì ní ọdún 1984. Bí ewéko bá ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, tí ó sì máa gba ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó bo gbogbo ojú omi, ọjọ́ wo ni yóò bo ìdajì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ojú omi tí ó ti bò kò tíì tó ìdá kan nínú ogún, ẹni tí ó bá sì ní kí a pa á run lọ́jọ́ náà, wọ́n lè sọ pé ó ń ṣe àṣejù.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń lo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìbẹ̀rù ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù February ọdún náà ni àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a ti rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ẹni tí ó ti Èkó wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ẹnìkan ṣoṣo ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bèèrè ohun tí ó yẹ kí a máa pariwo lé lórí. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá kó o ran ẹni méjì, tí àwọn yẹn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ kẹwàá nìkan yóò kan 1,024 ènìyàn. Àwọn dókítà ń wo ihò ayò tí ó ń bọ̀, àwa ń wo èyí tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Ṣé ó lè máa bá a lọ títí láé?

Rárá. Ẹ padà sí ìdí gàrí. Àwọn kòkòrò inú ẹ̀gẹ́ kò kún àgbáyé, nítorí pé oúnjẹ wọn ní òpin, kíkan tí àwọn fúnra wọn mú jáde sì ń ṣòro fún wọn láti gbé nínú rẹ̀. Ìdàgbà wọn a máa falẹ̀, a sì máa dúró. Ewéko ojú omi ń dúró nígbà tí omi bá tán. Ohunkóhun tí ń dàgbà lọ́nà exponential ń lọ bá ògiri kan níwájú, kò sì yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá sọ pé òwò òun yóò máa di ìlọ́po bẹ́ẹ̀ láìní òpin.

Ohun tí ń rìn jẹ́jẹ́ ń kọ́?

Ní ìkànìyàn ọdún 1991, a jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 89 ní Nàìjíríà. Ní ti ọdún 2006, a ti lé ní mílíọ̀nù 140. Ìdàgbà náà jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìdá mẹ́ta sì kéré létí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bímọ ń pọ̀ sí i bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i, nítorí náà exponential ni. Ọ̀nà kan wà láti fi ọkàn ṣírò irú nǹkan báyìí, èyí tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì ti mọ̀ láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹ fi ìdá tí ó ń pọ̀ sí i pín 72, ẹ óò rí iye ọdún tí yóò fi di ìlọ́po méjì. 72 tí a fi mẹ́ta pín jẹ́ 24. Láàárín ọdún 24, ìlú tí ń dàgbà bẹ́ẹ̀ yóò nílò ilé-ẹ̀kọ́ méjì níbi tí ọ̀kan wà. Ọjà tí owó rẹ̀ ń fi ìdá 24 nínú 100 gun òkè lọ́dọọdún yóò di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn láàárín àkókò náà ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jí náírà kan níbẹ̀.

Ní ìdà kejì, ẹni tí ń mọ búlọ́ọ̀kù 1,000 lóòjọ́ ń yára, ṣùgbọ́n àfikún lásán ni tirẹ̀, nítorí pé búlọ́ọ̀kù àná kì í mọ búlọ́ọ̀kù òní.

Owó regbẹ́rẹgbẹ́ wa ń kọ́?

Ẹ tún wo ohun tí akápò kà: 400,000, 600,000, 800,000, mílíọ̀nù kan. 200,000 ni ó ń kún un lọ́dọọdún. Àfikún ni. Ìdá tí ó fi ń pọ̀ sí i tilẹ̀ ń dín kù ni, nítorí pé 200,000 jẹ́ ìdajì 400,000, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin 800,000 ni. Kí ó tó lè jẹ́ exponential, ìdajì tí ó kún un ní ọdún kejì ni yóò máa kún un lọ: 400,000, 600,000, 900,000, 1,350,000. Ní ọdún kẹfà, 1,400,000 ni owó wa yóò jẹ́ bí a bá ń bá a lọ bí a ti ń ṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìlọ́po ì bá ti gbé e dé 3,037,500. Akápò wa ṣiṣẹ́ takuntakun, ìṣirò rẹ̀ sì pé láìsí kọ́bọ̀ tí ó sọnù. Mo ti kọ ìlà méjèèjì sórí ìwé kan fún un, ó sì ní òun yóò kà wọ́n fún ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀.